Ẹja Loach Kékeré Nínú Àpótí Gíláàsì: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀ Nílé

Àwọn ará ilé ní Kàbà, Ìyàrà, Mọpà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti agbègbè wọn ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogí, ni a kọ ìwé yìí fún, pàápàá ẹni tó ti ní àpótí gíláàsì tí ẹja ọ̀ṣọ́ díẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, tó wá ń fẹ́ ẹja tí yóò máa gbé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń sin àrọ̀ ní pọ́ńdì ti mọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ omi tí a fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n kó má fi ti àrọ̀ wọn ti loach o. Àrọ̀ a máa yọrí mí afẹ́fẹ́ nígbà tí omi bá bàjẹ́. Loach kékeré kò lè fara da omi tó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Loach kì í ṣe ẹja odò wa. Ilẹ̀ Éṣíà ni àwọn tí wọ́n ń tà fún àpótí ilé ti wá. Wọ́n ní irùngbọ̀n kéékèèké lẹ́nu tí wọ́n fi ń wá oúnjẹ nínú iyanrìn, ìpẹ́ ara wọn sì kéré débi pé ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Ẹ fi irùngbọ̀n àti ìpẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà wọn sábà ti ń bẹ̀rẹ̀.

ÈWO NI KÍ Ẹ RÀ?

Èyí tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ nà sí yín ni èyí tí ara rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tó ní ìlà dúdú mẹ́ta gbàràmù. Clown loach ni. Ó rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má rà á. Nínú ọ̀rá ọlọ́jà, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Tó bá dàgbà, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì lè lo ogún ọdún láyé. Ẹni tó bá rà á fún ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ náà á ti jáde yunifásítì tí ẹja á ṣì máa wá àyè. Yoyo loach kéré sí i, ó tó sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15, àmọ́ ó máa ń lé ẹja mìíràn kiri. Weather loach ní tirẹ̀, omi tútù ló fẹ́, a kò sì lè fi ooru oṣù kẹta ilẹ̀ Òkun dán an wò.

Kuhli loach ni a dámọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ ilé. Sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 ni gígùn rẹ̀, ó rí gbọọrọ bí ekòló, ara rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú àmì dúdú dúdú. Kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kàn sọ fún àlejò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà figbe “ejò!” bọnu ní pálọ̀ yín. Òru ni kuhli máa ń jáde. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹja lójúmọmọ, kó wá dwarf chain loach, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ilẹ̀ Thailand ló ti wá, ó ti ń tán lọ nínú odò níbẹ̀, nítorí náà ẹ béèrè èyí tí wọ́n sìn lóko ẹja. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń bá yín jẹ àwọn ìṣáwùrú tíntìntín tó ń bá ewéko wọ inú àpótí. Kuhli kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, mẹ́fà irú kan náà ni kó kéré jù. Loach kan ṣoṣo á fara pamọ́ títí tí ẹ ó fi gbàgbé pé ẹ ra nǹkan. Àwọn ẹja ọ̀ṣọ́ kéékèèké bíi neon tetra, rasbora àti corydoras lè bá wọn gbé. Ọmọ àrọ̀ àti ẹpìyà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Kribensis pàápàá, tó jẹ́ ẹja gúúsù Nàìjíríà tiwa, máa ń le koko mọ́ ará ìsàlẹ̀ nígbà tó bá yé ẹyin.

IYANRÌN, ÒKÚTA ÀTI OMI

Àpótí tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tó gba nǹkan bí lítà 60, ló yẹ. Omi inú rẹ̀ nìkan wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun tí à ń gbé lé tábìlì ọmọléèwé.

Òkúta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa ń gé irùngbọ̀n wọn, ojú egbò á sì kẹ̀. Iyanrìn odò tó kúnná ni kí ẹ lò. Ẹ fi kòǹkòsọ̀ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ nínú báàfù títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara. Akọ òkúta tó kún àyíká wa dára fún ibi ìsápamọ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún òkúta funfun, irú èyí tí wọ́n ń wà fún sìmẹ́ǹtì ní Ọbájànà. Ńṣe ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, tó ń sọ omi di líle. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú òkúta, kí ẹ fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ibi tí ẹ ha, kí ẹ wá tẹjú mọ́ ọn. Tó bá ń hó wínníwínní, ẹ gbé e sẹ́yìn ilé.

Omi líle yìí kan náà wà nínú bohóólù mìíràn. Ẹni tó bá ń fọṣọ mọ̀ ọ́n: ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, kẹ́tù tí wọ́n fi ń sè é á sì ní ẹ̀pá funfun nínú. Kuhli fẹ́ràn omi tí kò le. Ẹ lè fi omi òjò là á, ìdajì sí ìdajì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ orí páànù dáadáa kí ẹ tó gbé ike sí i.

Àpótí gbọ́dọ̀ dàgbà kí ẹja tó wọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja ń di májèlé ammonia, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé nínú fóòmù asẹ́mi ló sì ń sọ ọ́ di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n ń lò kí wọ́n tó pọ̀ tó. Torí náà, ẹja tó lágbára díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí loach wọlé gbẹ̀yìn. Ẹ má fi omi tó ní kiloríìnì fọ fóòmù yẹn láé. Omi tí ẹ fà jáde nínú àpótí náà ni kí ẹ fi fún un.

NÍGBÀ TÍ Ẹ BÁ Ń RÀ Á

Ẹ wo ẹ̀yìn àti ikùn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá mú bí ojú ọ̀bẹ tí ikùn sì wọnú, aràn tàbí ebi ti bà á jẹ́. Owó ò gbọdọ̀ jáde lápò yín. Ẹ ní kí ọlọ́jà fún wọn lóúnjẹ lójú yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀n kó wọn, nítorí loach ní ẹ̀gún kékeré kan lábẹ́ ojú tó máa ń há sínú àwọ̀n. Ife tàbí abọ́ ló dára.

Tí wọ́n bá gba páàkì wá láti Abuja tàbí Ìbàdàn, kí omi inú ọ̀rá jẹ́ ìdá mẹ́ta kan, kí afẹ́fẹ́ gba ìyókù. Tí ẹ bá délé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó nínú ike tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ wá máa bu omi ike sí i díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ike yẹn kò pọ̀ jù kí wọ́n tó bá àwọn yòókù gbé.

INÁ, ỌYẸ́ ÀTI OÒGÙN Ẹ̀FỌN

Ẹ bo àpótí dáadáa. Ihò tí wáyà ń gbà wọlé tó fún kuhli láti gbà jáde. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi ló dára jù. Tí kò bá sí, ẹ máa fi ife bu omi, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, ẹ má sì fún wọn lóúnjẹ títí iná á fi dé. Ìwọ̀n 24 sí 28 lórí sẹ́síọ́sì ló tẹ́ wọn lọ́rùn. Lásìkò ọyẹ́, ẹ gbé àpótí kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Ọ̀sán ni kí ẹ máa pààrọ̀ omi nígbà yẹn, bí ìdá márùn-ún kan lọ́sẹ̀.

Ohun tó ń pa ẹja nílé jù ọyẹ́ lọ ni oògùn ẹ̀fọn. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi máa ń fa èéfín oògùn náà wọ inú rẹ̀ tààrà. Bí ẹ bá fẹ́ fín in, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ fi ọ̀rá bo àpótí, kí ẹ sì ṣí fèrèsé dáadáa kí ẹ tó tún un tàn.

OÚNJẸ ÀTI ÀÌSÀN

Oúnjẹ àrọ̀ tó ń léfòó kì í dé ìsàlẹ̀. Àwọn ẹja òkè á ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ ra èyí tó ń rì, kí ẹ jù ú sí i lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa iná pálọ̀. Tanwíjí láti inú ike omi òjò yín, tí ẹ ṣàn dáadáa, jẹ́ àdídùn fún wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni ekòló tí ẹ gé wẹ́wẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán ni kí ẹ fi sí i; a kò fẹ́ sin ẹ̀fọn.

Bí ẹ bá rí loach tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ má tíì gbé e sọnù. Àwọn mìíràn ń sùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èéfọ́ funfun tíntìntín bá bo ara rẹ̀, àìsàn nìyẹn. Nítorí ìpẹ́ wọn tó kéré, ìdajì oògùn tí wọ́n kọ sára ìgò ni kí ẹ lò, kí ẹ sì yẹra fún èyí tó ní kọ́pà nínú.

Ẹni tí ẹja wọ̀nyí bá sú, kó wá ẹni tí yóò gbà wọ́n. Kò gbọ́dọ̀ dà wọ́n sódò Oyi tàbí Ọya. Weather loach tí wọ́n dà sódò ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ti di ẹja tí wọn kò rí kó mọ́. Omi àpótí tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ dà á sídìí tẹ̀tẹ̀ àti ata, ó dára fún wọn. Ti èyí tí ẹ fi oògùn sí nìkan ló yàtọ̀: ẹ dà á sílẹ̀ níbi tó jìnnà sí kànga.