Bí fáànù bá ń yí tí ojú mọ́nítọ̀ dúdú

Òkun o, ẹ̀yin ará Kabba. Bí ẹ bá to kọ̀ǹpútà tuntun, tí fáànù ń yí ṣùgbọ́n tí ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri, ẹ má tíì sọ pé bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú rẹ̀, ti bàjẹ́. Ẹ yọ wáyà iná lára ògiri, kí ẹ yọ RAM, pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, kí ẹ sì tún un tẹ̀ wọlé títí yóò fi dún "kó". Tèmi jọ pé ó ti wọlé, àṣé etí kan ṣì yọ síta bí èékánná. Ẹ wo wáyà olójú 8 tó ń gbé iná fún CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, òun ni a máa ń gbàgbé jù. Lásìkò ọyẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, kí iná tó máa ń wà lára ènìyàn nígbà ọyẹ́ má baà bà á jẹ́ o.