Ìwádìí Jàbùtẹ̀: Ibi Tí Ẹsẹ̀ Olùwádìí Ti Sábà Máa Ń Yọ̀

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ tán. A ti gún ìka èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, a ti to gíláàsì jọ, inú oníkálukú sì ń dùn pé ilẹ̀ ò ní ṣú mọ́ wa lójú ọ̀nà. Nígbà tá a dé ìdí maikiroskóòpù, kò sí ọmọ aràn tó ń fa jàbùtẹ̀, ààrùn tó ń mú ẹsẹ̀ wú, kankan lórí gíláàsì wọ̀nyẹn. A kọ ọ́ sínú ìwé pé ibẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan ní ká padà lọ lóru. A kán ẹ̀jẹ̀ tútù díẹ̀ sórí gíláàsì, ló bá di pé ọmọ aràn ń lọ́ bí ejò kékeré, ó ń ti sẹ́ẹ̀lì pupa sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe ń kọjá. Àwọn èèyàn kan náà ni o!

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Aràn Wuchereria bancrofti ló ń fa nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ààrùn yìí. Níbi tó pọ̀ jù lọ láyé, ẹ̀fọn òru ló ń gbé e kiri, aràn náà sì ti mọ àkókò ẹ̀fọn. Lọ́sàn-án, inú ẹ̀dọ̀fóró ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá pamọ́ sí. Bí òru bá dé, wọ́n á jáde sínú ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ awọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru ni kẹ́ ẹ gba ẹ̀jẹ̀, bí dírẹ́bà bá tilẹ̀ ń kùn. Àmọ́ ẹ má sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé: ní àwọn erékùṣù kan ní Pàsífíìkì, tọ̀sán tòru ni ọmọ aràn wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i lọ́sàn-án, nítorí pé ẹ̀fọn tó ń jẹni lójú ọ̀sán ló ń gbé e níbẹ̀.

Ẹ má ka ẹsẹ̀ wíwú kẹ́ ẹ sọ pé aràn lẹ kà. Lórí òkè Etiópíà, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ló wú nítorí pé àgbẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ pupa tó ti ara òkè ayọnáyèéfín wá. Kò sí aràn níbẹ̀, kò sí ẹ̀fọn. Lódìkejì ẹ̀wẹ̀, tẹ́ ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí jàbùtẹ̀ ti mú lẹ́sẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan, torí aràn ti kú, ọ̀nà omi ara tó bà jẹ́ ló kù. Àwọn tí aràn wà lára wọn tí ara wọn sì ń dán ló pọ̀ jù.

Ìlà àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n ń lò báyìí dára, torí ó ń rí ohun tí àgbà aràn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ìṣẹ́jú 10 gééré ni kẹ́ ẹ fi kà á. Mo ti rí ẹni tó to ogójì sílẹ̀, tó lọ jẹun, tó wá dé bá ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì kọ ọ́ pé aràn wà. Àyẹ̀wò yìí kò sì mọ Brugia, oríṣi aràn mìíràn tó ń fa jàbùtẹ̀; ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí Brugia wà á fi í wá ohun tí kò lè rí.

Ewu tó tóbi jù wà ní Áàrin Gbùngbùn Áfíríkà, nínú igbó tí Loa loa wà, aràn tó máa ń gba inú ẹyinjú kọjá. Bí ọmọ rẹ̀ bá pọ̀ lẹ́jẹ̀, ó lè mú kí ìlà àyẹ̀wò náà jáde bíi pé ti jàbùtẹ̀ ni. Ọ̀sán sì ni ọmọ Loa loa ń yọ ní tiẹ̀! Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ lóru nìkan kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bí ó bá wá pín ivermectin, oògùn aràn, fún ẹni tí ọmọ Loa loa ti lé ní 30,000 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ẹni náà lè dákú lọ, ó sì lè kú.

Àwọn tó ń yẹ ẹ̀fọn wò náà ní tiwọn. Bí PCR, àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá, bá rí ti aràn nínú ẹ̀fọn, ohun tó sọ ni pé ẹ̀fọn náà mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in. Aràn gbọ́dọ̀ lo nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú ẹ̀fọn kó tó lè ranni, ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn sì ti kú kó tó pé.

Ní ti oògùn aràn tí wọ́n ń pín fún ará ìlú, ẹ má gba iye tó wà nínú ìwé àwọn apínoògùn gbọ́ láìwọ ilé lọ béèrè. Ìdá 65 nínú 100 gbogbo ará ìlú ló yẹ kó gbé e mì, ọdọọdún, torí àgbà aràn lè lo ọdún 6 sí 8 lára. Gbígbà á lọ́wọ́ yàtọ̀ sí gbígbé e mì. Ẹ béèrè pé, "Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ ti gbé e mì rí?" Àwọn tí kò gbé e mì rí láti ọdún tí wọ́n ti ń pín in ni aràn fi ṣe ibùgbé.

Ohun kan tó máa ń bí mi nínú: kí ẹgbẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà kan, kí wọ́n ya fọ́tò ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì lọ. Ọṣẹ àti omi mímọ́ wà nílé rẹ̀. Ẹ jókòó tì í, ẹ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń rọra wẹ ẹsẹ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ mímọ́ nu àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi gbẹ.