Yíyan ẹ̀rọ injection fún abọ́ ìpọ́njẹ tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́

“Tọ́ọ̀nù mélòó ni?” Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ injection, ẹ̀rọ tó ń ti ike yíyọ́ sínú mould, sábà máa ń kọ́kọ́ bi olùtà nìyẹn: agbára tí ẹ̀rọ fi ń di mould pa mọ́ ló ń béèrè. Bó bá jẹ́ àga tàbí báàfù lẹ fẹ́ ṣe, ìbéèrè gidi ni. Fún abọ́ ìpọ́njẹ (èyí tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ), ike áísìkiriìmù àti ike bọ́tà, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ ike fẹ́lẹ́ jẹ́ ni pé ike máa dì lójú ọ̀nà kó tó dé ẹnu abọ́, tọ́ọ̀nù kò sì rí nǹkan kan ṣe sí ìyẹn. Eré lẹ̀ ń fowó rà níbí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de styrofoam ní oṣù kìíní ọdún 2024, ojú wá yí sí abọ́ onídèérí tí wọ́n fi PP (polypropylene, irú ike kan) ṣe. Àmọ́ òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2025 tún kan ife àti ṣíbí ike ìlò-ẹ̀ẹ̀kan. Kẹ́ ẹ tó sanwó mould ife, ẹ lọ béèrè lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká bóyá irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ṣì bófin mu. Owó mould kì í ṣe kékeré, mould ife kò sì ṣeé sọ di ti abọ́.

Abọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n

Ẹ jẹ́ ká mú abọ́ róbótó kan: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, ìdí rẹ̀ 9, ó jìn ní 7, ara rẹ̀ nípọn ní mílímítà 0.5. Ó máa gba nǹkan bíi 600 ml, òun fúnra rẹ̀ á sì wọn gíráàmù 14. Àárín ìdí abọ́ ni ike ń gbà wọlé. Á rìn dé igun, á gun ògiri, á yí ẹnu abọ́ po. Gbogbo ìrìn yẹn tó mílímítà 120. Ẹ fi 0.5 pín 120, ẹ ó rí 240. Tí iye yìí bá ti ju 200 lọ, ẹ̀rọ lásán kò ní rí i kún dáadáa. Bó bá rí i kún láàárọ̀, tí omi chiller (ẹ̀rọ tó ń mú omi mould tutù) bá tutù sí i lọ́sàn-án, abọ́ tí etí rẹ̀ já lẹ máa máa ṣà.

Eré, àti ohun tó ń bẹ lẹ́yìn eré

Ẹ wo inú mould. PP wọlé ní dígírì 230, irin tó fara kàn kò ju dígírì 15 sí 20 lọ. Awọ tó kan irin dì lójú ẹsẹ̀ níhà méjèèjì, ọ̀nà tó kù fún ike tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń há. Nínú ògiri 0.5 mm, kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ọ̀nà ti dí. Àfi kẹ́ ẹ kún mould láàárín ìṣẹ́jú àáyá 0.2 sí 0.3.

Ẹ gbé ìṣirò rẹ̀ yẹ̀ wò. Mould olójú mẹ́rin, tó ń ṣe abọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, máa gba 14 lọ́nà mẹ́rin, gíráàmù 56. PP tó ti yọ́ kò wúwo tó èyí tó ti dì: cc kan rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 0.73. Nítorí náà cc 77 ni skúrù, irin oníyíyí tó ń yọ́ ike tó sì ń tì í jáde, gbọ́dọ̀ tì. Skúrù tó fẹ̀ ní 45 mm máa rìn 48 mm kó tó tì í tán. Ẹ̀rọ tó ń sá 100 mm ní ìṣẹ́jú àáyá kan á lo 0.48, abọ́ á sì ti dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó ń sá 400 mm á lo 0.12. Kódà bẹ́ ẹ bá ka àsìkò tó fi ń gbéra mọ́ ọn, kò yẹ kó ju 0.2 lọ.

Ibí yìí ni òkúta máa ń wà nínú gàrí. Olùtà á kọ 500 mm/s sínú ìwé, òótọ́ sì ni. Àmọ́ 48 mm péré ni skúrù yín máa rìn. Tó bá gba ẹ̀rọ náà ní 40 mm kó tó dé eré ọ̀hún, ẹ kò rí 500 lò rárá. Ẹ béèrè iye mílísẹ́kọ́ńdì tó fi ń dé òkè eré, kẹ́ ẹ sì ní kó fi àwòrán rẹ̀ hàn yín lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ, níbi tí ike gidi ti ń wọnú mould gidi. Ẹ tún béèrè iye bar (agbára tó fi ń ti ike) tó ṣì ní nígbà tó wà lórí eré yẹn. 2000 bar ni kó kéré tán.

Ẹ̀rọ kan náà sábà máa ń ní skúrù mẹ́ta téèyàn lè yàn, A, B àti C. A kéré, ó sì ń tì gan-an. C tóbi, ó ń kó ike púpọ̀, ṣùgbọ́n bar rẹ̀ lọ sílẹ̀. C ló máa ń wu àwọn èèyàn, torí gíráàmù rẹ̀ pọ̀ lórí ìwé. Ẹ mú A tàbí B. Gíráàmù tí wọ́n kọ síbẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ ti polystyrene, irú ike mìíràn tó wúwo ju PP lọ. Ẹ fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó mọ iye PP tó lè gbé. PP gíráàmù 56 jẹ́ 70 ní ti polystyrene. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 110 sí 280 sí lára ló bá a mu. Bẹ́ ẹ bá gbé mould yìí sórí ẹ̀rọ gíráàmù 1000, ike á pẹ́ jù nínú bárẹ̀lì, á jóná díẹ̀díẹ̀, abọ́ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á sì máa rùn.

Kí ike tó yọ́ tó

Iṣẹ́ tí a ń sọ yìí, ìṣẹ́jú àáyá 5 ló yẹ kó máa gbà fún ẹ̀ẹ̀kan. Ìyẹn 720 ìgbà ní wákàtí kan, abọ́ 2,880, ike kílò 40. (Tó bá gba ìṣẹ́jú àáyá 9, abọ́ 1,600 péré ni, owó iná àti owó òṣìṣẹ́ kò sì dín.) Gíráàmù 56 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 dà bíi pé skúrù tó ń yọ́ gíráàmù 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Kò tó. Lórí ẹ̀rọ lásán, ìgbà tí mould ṣì wà ní pípadé tí abọ́ ń tutù nìkan ni skúrù ń yí, ìyẹn kò ju ìṣẹ́jú àáyá 2.5 lọ. Gíráàmù 22 lẹ nílò. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, mould á ti ṣe tán láti ṣí, á tún máa dúró de skúrù.

Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni mọ́tò iná tó dá dúró fún skúrù, kó lè máa yí bí mould ṣe ń ṣí tó sì ń pa dé. Ẹ má gbàgbé pé bẹ́ ẹ bá ra èyí, imú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní fáàfù tó ń pa á dé. Láìsí i, ike á máa dà sílẹ̀ bí mould ṣe ń ṣí.

Skúrù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 24 tàbí 25 fífẹ̀ rẹ̀ ló dára fún PP. Ìlọ́po 20 ti kúrú jù fún irú eré yìí. Hóró tí kò tíì yọ́ tán á máa hàn lára ògiri abọ́ bí iyọ̀.

Tọ́ọ̀nù, nígbẹ̀yìn gbẹ́yín

Ẹnu abọ́ wa fẹ̀ ní 12. Ẹ mú ìdajì rẹ̀, 6, ẹ fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ tún fi 3.14 sọ ọ́ di púpọ̀: 113 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó. Iṣẹ́ ike lásán, tọ́ọ̀nù 0.4 ni wọ́n ń kà fún sẹ̀ǹtímítà kan. Ike fẹ́lẹ́, 0.6 sí 0.9, torí bar tó ń wọlé pọ̀. Ẹ mú 0.7: tọ́ọ̀nù 79 fún ojú kan, 316 fún ojú mẹ́rin. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, ó di ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 350. Ẹni tó bá lo 0.4 á ra tọ́ọ̀nù 200. Mould á máa ṣí díẹ̀ nígbà tí ike bá rọ́ wọlé, ike á yọ bí abẹ sí etí abọ́, òṣìṣẹ́ méjì á sì jókòó tí wọ́n á máa fi ọ̀bẹ gé e.

Líle pátákó irin méjèèjì tó di mould mú ṣe pàtàkì bíi tọ́ọ̀nù. Tó bá ń tẹ̀, akọ mould á sún kúrò láàárín abo, ògiri kan á di 0.6, èkejì á di 0.4. Ike á gba ibi tó nípọn kọjá, á yí lọ sẹ́yìn, á ká afẹ́fẹ́ mọ́ ibi tó fẹ́lẹ́, ibẹ̀ á sì jó dúdú. Àwọn èèyàn á máa dín ooru kù, kò ní lọ. Ẹ gé abọ́ náà sí méjì kẹ́ ẹ fi caliper (irin tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó) wọn ògiri rẹ̀ níhà mẹ́rin kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ tún rí i pé mould kò kéré ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àlàfo tó wà láàárín òpó ẹ̀rọ lọ. Mould kékeré lórí pátákó ńlá ló ń tẹ̀ ẹ́ láàárín.

Ìṣí ẹ̀rọ (bí mould ṣe gbọ́dọ̀ ṣí tó): ìlọ́po 2.5 jíjìn abọ́, ó kéré tán. Bí róbọ́ọ̀tì bá máa kó o, ìlọ́po 3.

Iná

Ọ̀nà méjì ni eré ń gbà wá. Èkíní ni ẹ̀rọ ọ́ìlì tó ní accumulator, àgbá irin tí wọ́n rọ gáàsì náítírójìn sí, tó ń tọ́jú agbára tó sì ń tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ni ẹ̀rọ oníná pátápátá. Èyí tó jẹ́ iná mọ́ tónítóní, kò sì jẹ iná púpọ̀. Ká ní ó fi 0.2 kWh dín sí ti ọ́ìlì lórí kílò kan, kílò 40 fún wákàtí 20 jẹ́ kWh 160 lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n gbé owó kWh kan ní Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná jù, láti ₦68 sí ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìyẹn jẹ́ ₦36,000 lójoojúmọ́. Iye náà ti yí padà láti ìgbà náà, ẹ lo èyí tó wà lórí bíìlì yín.

Síbẹ̀, fún ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ní Ìkòròdú, ọ́ìlì tó ní servo pump (pọ́ǹpù tó ń yí kìkì bí iṣẹ́ bá ṣe pè é), accumulator àti mọ́tò iná fún skúrù ni ìmọ̀ràn wa. Mẹ́káníìkì tó mọ fáàfù àti síìlì kò wọ́n ní Odogunyan níbẹ̀. Servo drive (ohun tó ń darí mọ́tò) tó bá jó lára ẹ̀rọ oníná lè dá yín dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí òmíràn tó ti òkè òkun dé. Ẹ̀rọ méjèèjì ló nílò stabilizer oníwáyà mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀rọ, chiller àti kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ pa pọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan lẹ máa fi wọ̀n ọ́n.

Omi, àti mould tó ń làágùn

Ike kílò 40 ní wákàtí kan ń kó ooru bíi 7 kW sínú mould. Tọ́ọ̀nù chiller kan jẹ́ 3.5 kW (tọ́ọ̀nù yìí yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ o). Tọ́ọ̀nù 2 ni ti ike nìkan. Pẹ̀lú hot runner (ọ̀nà gbígbóná tí ike ń gbà nínú mould) àti ooru Èkó, ẹ ra 5. Ọ́ìlì ẹ̀rọ, ẹ fi cooling tower (ohun tó ń fi afẹ́fẹ́ tu omi) tù ú lọ́tọ̀, kó má ju dígírì 50 lọ.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lo omi dígírì 8 tàbí 10. Nílùú tí ọ̀sà wà nítòsí bíi tiwa, mould yẹn á làágùn bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì. Ẹ̀kán omi á fi àpá sára abọ́, irin á sì dípẹtà. Ẹ gbé omi sí 16 sí 18 kí òógùn rẹ̀ lè dín kù; bó bá ṣì ń làágùn, ẹ fi ilé ike bo ibi mould kẹ́ ẹ máa fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ sí i. Bí iná bá lọ, fáàfù omi mould ni kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ pa.

Ìdánwò kẹ́ ẹ tó san ìyókù owó

Ike tiyín ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Olùtà sábà máa lo PP tí MFI rẹ̀ (ìwọ̀n bí ike yíyọ́ ṣe ń ṣàn tó) jẹ́ 60 tàbí 70, tó ń ṣàn bí omi. Bẹ́ ẹ bá wá dé Èkó, tẹ́ ẹ ra àpò PP tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, MFI 3, kò sí ẹ̀rọ tó máa ti ìyẹn wọ ògiri 0.5. Ẹ béèrè ìwé MFI àti ìwé pé ó tọ́ fún oúnjẹ. MFI 35 ni kó kéré tán fún abọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rin láìdúró. Ní wákàtí tó kẹ́yìn, ẹ wọn abọ́ 30 tó tẹ̀ léra láti ojú kan náà. Tí èyí tó wúwo jù bá fi ju gíráàmù 0.1 lọ yàtọ̀ sí èyí tó fúyẹ́ jù, fáàfù iwájú skúrù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Tòkunbọ̀ náà ń ṣiṣẹ́, bó bá jẹ́ pé ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ike fẹ́lẹ́. Ẹ ka fóltéèjì tó wà lára rẹ̀: ti Japan sábà máa ń jẹ́ 200, ti Amẹ́ríkà 480 ní 60 Hz, tiwa 415 ní 50 Hz. Owó transformer wà lára iye rẹ̀. Ẹ fọwọ́ mi orúnkún toggle (apá irin tó ń ti mould pa dé) kẹ́ ẹ wò bóyá ó ń yẹ̀, kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ìlà tó là, kẹ́ ẹ sì wọn náítírójìn inú accumulator. Kí ẹnikẹ́ni má tú bóòtù kan lára àgbá yẹn o, kí wọ́n tó tú ọ́ìlì inú rẹ̀ padà sí táńkì, kí géèjì sì padà sí òdo, kí wọ́n sì jẹ́ kí náítírójìn inú rẹ̀ náà jáde tán. Pípa ẹ̀rọ kò pa òun.