Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi àwọn Ìhìn Rere wéra

Níbi ẹ̀kọ́ Bíbélì, ì báà jẹ́ ní Aké tàbí ní Ìbarà, bí ẹnìkan bá ti ka Mátíù, tí ẹlòmíràn ka ìtàn kan náà ní Lúùkù, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Ìyàtọ̀ náà kọ́ ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ìkánjú láti bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ má ṣe lú wọn pọ̀ kí ẹ tó ka ọ̀kọ̀ọ̀kan tán. Ẹ mú bébà, ẹ fa ìlà sí i, kí Ìhìn Rere kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó wà níbẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àkókò, àti ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí òǹkọ̀wé kan kò bá sọ, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má yá ti ẹlòmíràn fi dí i. Àyè òfìfo kì í ṣe àtakò. Jòhánù 20:1 dárúkọ Màríà Magidalénì nìkan níbi ibojì, ọ̀pọ̀ sì ń dúró síbẹ̀, wọ́n á ní òun nìkan ló lọ. Ẹsẹ kejì ńkọ́? Màríà fúnra rẹ̀ ní "àwa kò mọ̀", kò ní "èmi".

Èyí tó ń da àwọn olùkọ́ láàmú jù ni ti balógun ọ̀rún Kápánáúmù (ọ̀gá ọmọ ogun bí ọgọ́rùn-ún ni o; ẹ má fi Balógun Ẹ̀gbá wé e). Mátíù 8:5 ní ó tọ Jésù wá. Lúùkù 7:3 ní àwọn àgbà Júù ló rán. Ní ẹsẹ 6 ó tún rán àwọn ọ̀rẹ́. Ẹ má sọ pé balógun méjì ni, ẹ má sì sọ pé ó ránṣẹ́ tán kó tó wá yọjú: kò sí ìwé tó wí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlú tí ìránṣẹ́ ààfin ti ń jíṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń wí pé "Aláké ní", tí alága ìdúró ń tọrọ ìyàwó, tí a sì ń sọ pé ọkọ ìyàwó ló tọrọ rẹ̀, kò yẹ kí èyí ṣòroó gbọ́. Ó wà nínú Bíbélì pàápàá: Jòhánù 19:1 ní Pílátù na Jésù, kò sì sẹ́ni tó rò pé Pílátù ló di pàṣán mú.

Ṣùgbọ́n ẹ má parí ẹ̀kọ́ síbẹ̀. Kí ló dé tí Lúùkù fi mú àwọn àgbà wọlé? Ẹnu wọn la ti gbọ́ pé ọkùnrin náà fẹ́ràn orílẹ̀-èdè Júù, ó sì kọ́ sínágọ́gù fún wọn (7:5). Mátíù fò ó, nítorí 8:11 ló ń lọ, níbi tí ọ̀pọ̀ yóò ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn wá bá Ábúráhámù jókòó. Ẹni tó bá lú méjèèjì pọ̀ kò ní gbọ́ ìkankan.

Sísọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan di púpọ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Andreas Osiander, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run ará Jámánì, ṣe é ní 1537 nínú ìwé tó fi so àwọn Ìhìn Rere pọ̀, títí tí ọmọ Jáírù fi kú, tó sì jí, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ! Àfi bí ìwé fúnra rẹ̀ bá kà wọ́n ní méjì, bíi Máàkù 8:19-20, níbi tí Jésù ti ya 5,000 ènìyàn tó bọ́, tí agbọ̀n 12 ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn sọ́tọ̀ kúrò lára 4,000 tí agbọ̀n 7 ṣẹ́kù.

Tó bá jẹ́ iye ni, ẹ má hun ìtàn. 2 Àwọn Ọba 24:8 ní ọmọ ọdún 18 ni Jèhóíákínì nígbà tó jọba. Ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ Hébérù ti 2 Kíróníkà 36:9 ní 8. Ọwọ́ adàwékọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Wákàtí ìkànmọ́ àgbélébùú ló le jù. Máàkù 15:25 ní wákàtí kẹta (bí a bá kà á láti ìgbà tí oòrùn yọ, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ nìyẹn; wákàtí kẹfà sì jẹ́ ọ̀sán gangan). Jòhánù 19:14 ní ó tó nǹkan bí wákàtí kẹfà, nígbà tí Pílátù ṣì wà lórí ìdájọ́. Àlàyé tó gbajúmọ̀ ni pé láti ọ̀gànjọ́ òru ni Jòhánù ti ń ka aago, tí wákàtí kẹfà rẹ̀ fi jẹ́ aago mẹ́fà òwúrọ̀. Kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, ẹ ka Jòhánù 4:6: ó rẹ Jésù, ó jókòó létí kànga ní wákàtí kẹfà. Ọ̀sán gangan ló bá ibẹ̀ mu jù. Ẹ ka ẹsẹ méjèèjì síta, ẹ sọ àlàyé náà àti ibi tó ti ń jò, kí ẹ sì kọ "kò tíì yanjú" sí àyè rẹ̀ lórí bébà.