Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Àṣà Ọdún Àdúgbò Yín Sílẹ̀ ní Òde-Oǹdó

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọdún àdúgbò rẹ̀ parun kò gbọdọ̀ fi kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀. Ijó àti aṣọ ni kámẹ́rà ń rí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí ọdún tó pé ló ń sọ gbogbo wọn di ará ibì kan náà. Ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn iṣẹ́ náà sílẹ̀: ta ló ń dá ọjọ́, ilé wo ló ń pèsè ohun ètùtù, ta ló ń lé orin, àwọn wo ló ń gbè é, ta ni yóò sì dúró fún wọn bí wọn kò bá sí nílé. Iṣẹ́ tí kò bá ní arọ́pò ni kí ẹ fi àmì sí.

Ẹ wo ayẹyẹ àti ijó Ọbitun. Àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ́ sí ipò àgbà, tí wọ́n ń múra ilé ọkọ, ni wọ́n ń ṣe é fún. Lónìí, orí pèpéle ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń rí i. Ó ṣì dùn ún wò, àmọ́ pèpéle kò lè sọ ẹni tó ń kọ́ ọmọ náà, ohun tó ń kọ́ ọ, àti ojúṣe ìyá rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ni kí ẹ bi, ẹ má sì fọwọ́ òfo lọ. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí bí olóyè bá ti sọ̀rọ̀ láwùjọ, ó ṣòro kí ẹlòmíràn tó sọ ohun tó yàtọ̀. Ní ìlú tí ìtàn ti sọ pé obìnrin, Púpùpú, ni Ọ̀ṣemàwé (ọba Oǹdó) àkọ́kọ́, tí Lóbùn, olóyè obìnrin, sì ń kó ipa pàtàkì nínú ìfijoyè Ọ̀ṣemàwé, àkọsílẹ̀ tó ti ẹnu ọkùnrin nìkan wá kò lè pé, lójú tèmi.

Ẹ má ṣe tún èdè Oǹdó wọn ṣe sí Yorùbá ilé ìwé. Ó ní ìró gh, fáwẹ̀lì u sì lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yọ wọ́n, ọmọ tó bá kọ́ orin náà nínú ìwé yín yóò máa kọ ọ́ bí àlejò.

Ní ti àkókò tí ohun tí wọ́n ń sọ ṣẹlẹ̀, ẹ béèrè Ọ̀ṣemàwé tó wà lórí oyè nígbà náà, tàbí bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Bí wọ́n bá ní awo ni apá kan, ẹ pa ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Ẹ kàn kọ ọ́ pé apá náà wà, àti ilé tó ni ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí àwọn iṣẹ́ tí ẹ fi àmì sí. Ẹ bẹ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kó yan ọmọ kan tí yóò máa tẹ̀ lé e láti ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nínú ìwé.