Owó Tí Áyọ́ọ̀nù Jó Mọ́ Mi Lọ́wọ́ Kí Bàtà Mi Tó Tanná

Ọ̀rá PVDF mẹ́ta ni mo bà jẹ́ kí ẹ̀kẹrin tó ṣiṣẹ́, ₦42,000 ni ó sì bá a lọ. Inú ṣì ń bí mi, nítorí pé ẹni tí ó tà wọ́n fún mi ní Ìkẹjà kò sọ fún mi pé ọ̀rá náà kì í fẹ́ ooru. Ọ̀rá pẹlẹbẹ ni, wọ́n kun fàdákà sí i lójú méjèèjì, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ tàbí ká a, iná mànàmáná díẹ̀ yóò jáde lára rẹ̀. Ní 1969 ni Heiji Kawai ní Japan fi agbára rẹ̀ yìí hàn. Èmi fẹ́ kí ìrìn tí mo ń rìn lójoojúmọ́ láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábàá tan gílóòbù LED kan.

Títẹ́ ẹ sínú bàtà kò le. Wáyà ni ó dá mi dúró. Bí mo ṣe fi áyọ́ọ̀nù tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń lẹ wáyà yọ́ òjé sí àkọ́kọ́, ó ká jọ bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí iná kàn. Mo yára mú ọwọ́ kúrò lórí èkejì, ojú rẹ̀ kò sì yí padà rárá, síbẹ̀ mo tẹ̀ ẹ́ títí, mítà kò mira. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń fura sí dáyóòdù, ẹ̀yà kékeré tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju ọ̀nà kan lọ, mo pààrọ̀ gbogbo wọn, mo tún pààrọ̀ mítà. Nígbà tí kò sí àyípadà, mo gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo ra ẹ̀kẹta, mo sì tún fi áyọ́ọ̀nù kan náà pa á.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó ka ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ nípa rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n máa ń nà án, wọ́n sì máa ń fi iná mànàmáná tó lágbára tò ó láti inú kí ó lè ní agbára yìí. Bí ooru bá ti ju nǹkan bí 80°C lọ, ètò náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Áyọ́ọ̀nù mi ju 300°C lọ, ọ̀rá náà kò sì tóbi ju àtàǹpàkò mi lọ.

Bàbá aránbàtà kan ní Muṣin ni ó yọ mí. Ó wo ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ó dìgbà tí o bá finá jó o kó tó dì mọ́ra?" Ó mú òrùka irin kékeré tí okùn bàtà máa ń gbà kọjá, ó ki wáyà sábẹ́ rẹ̀, ó sì lù ú mọ́ ìdí ọ̀rá náà, níbi tí fàdákà òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò ti bo ara wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Dáyóòdù Schottky mẹ́rin àti kapásítọ̀ 100 µF, ẹ̀yà tí ń kó iná pamọ́, ni mo so mọ́ ọn. Mo rìn dé Yábàá, mo tẹ bọ́tìnnì, LED pupa náà sì ṣẹ́jú. Mo dúró sẹ́bàá títì, inú mi dùn gidigidi. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi gba agbára sí fóònù kò gbọdọ̀ náwó lé e, nítorí pé bí kapásítọ̀ yẹn bá tilẹ̀ dé fólítì 3, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó ìdajì mílíjúùlù, ìwọ̀n tó kéré jọjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú tèmi, kí ó ra èyí tí wáyà ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ó wọ́n díẹ̀ ju èyí tí mo rà lọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni ì bá tó mi.