Kí Ẹ Tó Gbẹ́ Kànga fún Abúlé, Ẹ Béèrè Ta Ni Yóò Mú Kọ́kọ́rọ́

Kànga ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa gbẹ́, ní abúlé kan láàárín Ìtòíkín sí Èjìnrìn, ní apá Ẹ̀pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, oṣù mẹ́rin péré ni ará abúlé fi pọn ún. Kò bàjẹ́ o. Omi wà nínú ilẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Inú ọgbà baálẹ̀ la gbé e sí, torí ibẹ̀ ló mọ́ jù, ibẹ̀ náà ló sì dára fún fọ́tò. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín baálẹ̀ àti ìdílé kan, wọ́n ti géètì pa. Àwọn obìnrin gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n padà sódò bí ẹni pé a ò débẹ̀ rí. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ṣe nọ́ọ̀sì, tí mo ti gba ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru fẹ́ pa lọ́wọ́ ikú, èmi gan-an ni mo nawọ́ sí ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí.

Ènìyàn márùn-ún ni wá: nọ́ọ̀sì méjì tó ti fẹ̀yìn tì, tíṣà kan, bíríkìlà kan, àti ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Owó wa ò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bí a ṣe ń gbẹ́ kànga fún abúlé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ ìwé kọ́kọ́ nìyí, kò sì gùn. Ẹ lọ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin CAMA ti 2020 tí wọ́n ń tẹ̀lé, ẹ ṣí àkáǹtì tí ẹnì kan ṣoṣo kò ní lè fọwọ́ sí kí owó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tó ni abúlé tí ẹ ń lọ. Yàtọ̀ sí Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀, Èrèdó àti Ìkòsí-Èjìnrìn ní káńsù ìdàgbàsókè tiwọn. Ọ́fíìsì tí kì í ṣe tiwọn lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yí yín ká kí wọ́n tó sọ fún yín pé ibòmíì ló yẹ kí ẹ lọ. Ẹ béèrè CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé náà, pẹ̀lú. Bí ẹ bá fò wọ́n, wọn ò ní bá yín jà, wọn ò kàn ní wá sípàdé ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ abúlé, ẹ má mú kámẹ́rà dání, ẹ má sì ṣèlérí kankan. Ẹ béèrè ọjọ́ ọjà wọn kí ẹ má lọ bá ilé òfìfo. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa, nígbà tí wọ́n ti dé láti oko, tàbí lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Baálẹ̀ kan bi mí pé, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, kí lẹ gbé wá?" Mo ní, "A wá kí yín ni, Bàbá." Ó wò mí títí, kò gbà mí gbọ́, ó jàre. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ kí wọn kí a tó dárúkọ omi.

Iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí. Ẹ sun abúlé náà mọ́jú, kí ẹ tẹ̀lé àwọn obìnrin lọ sódò. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tiyín náà. Orí mi kọ́ mi ní ohun tí ìwé kò kọ́ mi: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 wúwo ju ọmọ ọdún méje lọ, ọmọbìnrin tí ìbá wà nílé ìwé ló sì máa ń rù ú. Ẹ ka kẹ́ẹ̀gì tí ilé kọ̀ọ̀kan ń pọn, ẹ wo aago níbi tí wọ́n ti ń tò. Ìwé ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ aláàánú ń tẹ̀lé níbi tí ogun tàbí àgbàrá bá ti lé ènìyàn kúrò nílé, sọ pé ó kéré tán kí ẹnì kan rí lítà 15 lójúmọ́, kí ẹnu ẹ̀rọ kan má ṣe bọ́ ju ènìyàn 250 lọ, kí omi má jìnnà sílé ju mítà 500 lọ. Ilé ènìyàn mẹ́fà yóò lo lítà 90, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin kù díẹ̀. Lábúlé tí mo sọ yìí, kẹ́ẹ̀gì méjì ni ilé tó pọ̀ jù ń rí. Ẹni tí ogun lé ní ẹ̀tọ́ sí omi jù wọ́n lọ.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó pèpàdé, àmọ́ ẹ má fi lé wọn lórí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò. A máa ń gbé igbá mẹ́ta sílẹ̀, a ó fi ẹfun ya àwòrán sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: omi, gbọ̀ngàn, iná. Obìnrin dìbò lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀. Hóró àgbàdo la fi ń dìbò tẹ́lẹ̀, títí adìyẹ fi jẹ ìbò àwọn ọkùnrin. Òkúta wẹ́wẹ́ la ń lò báyìí. Àwọn obìnrin fẹ́ omi, àwọn bàbá fẹ́ gbọ̀ngàn, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa gba iná sí fóònù. Ìdí tí ẹ̀rọ wa kejì fi jẹ́ ti sólà nìyẹn: a so ibi ìgbaná mẹ́rin mọ́ ọn, owó rẹ̀ sì wọ àpótí omi. Gbọ̀ngàn ò sí. Baálẹ̀ ṣì ń rán mi létí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá kàn. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń yọ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, ilẹ̀ apá ọ̀dọ̀ wa ti gbóná. Ibi tí wọ́n fún yín lónìí, ọmọ onílẹ̀ lè tà á lọ́la. Ẹ má gba ẹnu baálẹ̀ nìkan. Ẹ gba ìwé tí ìdílé tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí, kí obìnrin ìdílé náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ CDA.

Ibi náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, ó sún mọ́ ẹsẹ̀ bàtà 100. Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, oṣù Èrèlé tàbí Ẹrẹ́nà, ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ti lọ sílẹ̀ jù. Èyí tí ẹ gbẹ́ nínú òjò lè ṣe fújà fún yín kó sì gbẹ lẹ́yìn ọdún Kérésì. Lẹ́bàá ọ̀sà, ẹ tọ́ omi náà wò bóyá ó níyọ̀, ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, kó wà níbẹ̀ mọ́jú. Bó bá pọ́n bí ìpẹtà, irin ló wà nínú rẹ̀, yóò nílò asẹ́. Ẹ ṣì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, ojú kì í rí kòkòrò.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ sọ ọ́ kí ọkọ̀ agbẹ́kànga tó dé, torí lẹ́yìn rẹ̀ ariwo ayọ̀ ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹni tó ń tajà lẹ́bàá ibẹ̀ ló dáa jù kó mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ, nítorí kì í kúrò níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìyá alákàrà kan ni. Ilé kọ̀ọ̀kan ń san ₦20 lórí kẹ́ẹ̀gì kan, arúgbó tí kò lọ́mọ nítòsí kò san kọ́bọ̀. Àpótí owó ní àgádágodo mẹ́ta: kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ obìnrin, kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́, kan lọ́wọ́ àgbà, kò sì gbọ́dọ̀ sí méjì nínú ìdílé kan. Kì í ṣe èmi ni mo dá ọgbọ́n yìí. Ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ tí àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ ní Niger ní 1991 ló mú un tàn káàkiri, èsúsú àwọn ìyá wa sì ti mọ̀ ọ́n látilẹ̀. Ìwé owó wà lára ògiri mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń kọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí pọ́ǹpù bàjẹ́ lọ́dún kejì, wọ́n pè mí. Mo ní, "Ẹ ṣí àpótí." Inú bí wọn. Owó inú rẹ̀ ra ohun tó bàjẹ́, ó ku ₦3,400.

Mo máa ń pè wọ́n lóṣooṣù báyìí, mi ò kì í béèrè bóyá omi ń yọ. Mo máa ń béèrè pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ta ni lónìí, pàápàá bí mo bá gbọ́ pé ìyá alákàrà lọ síbi òkú. Bí wọ́n bá dárúkọ ẹni náà kí n tó sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn, mo lè béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹja ní ọjà Olúwo.